Wọn Ò Tíì Sọ fún Ilẹ̀

Lọ́jọ́ Ajé, òjò Ferrol ń rọ̀ bí ẹni tí wọ́n sanwó fún,
wọ́n wá gbé ẹ̀rọ ìgbẹ́rin mẹ́ta kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi.
Ẹ̀kẹrin ni mo dì mọ́, mo ní èyí kò níí lọ.
Maruxa Lestón, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, kò bá mi jiyàn.
Ó ní, "Eladio, ẹ jẹ́ kó dúró, ṣùgbọ́n ẹ nu epo ara rẹ̀."
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kọ̀ǹpútà méjìdínlógún ti jókòó
síbi tí irin ti ń ta iná fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Wọ́n lẹ bébà mọ́ ẹnu ọ̀nà:
Ẹ̀kọ́ tuntun, bí a ṣe ń kọ géèmù.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo rẹ́rìn-ín kíkan.
Nílùú tí a ti ń kan ọkọ̀ ojú omi tó ga ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ,
tí bàbá mi fi etí ọ̀tún rẹ̀ sílẹ̀ sínú ariwo òòlù,
wọ́n fẹ́ kọ́ ọmọ èèyàn ní eré!
Ta ló kọ́ ọmọ ewúrẹ́ ní fífò?

Iria ni tíṣà wọn, wúndíá tẹ́ẹ́rẹ́,
okùn bàtà rẹ̀ méjèèjì kò jọra.
Ó kàn ní: "Ẹ ṣẹ̀dá ọmọkùnrin kan.
Ẹ gbé e sókè díẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀."
Mo ń díbọ́n bí ẹni ń nu ẹ̀rọ, mo ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn.

Antía, ọmọ Comesaña, tí kò lanu rí ní kíláàsì mi,
ṣẹ̀dá tirẹ̀: orí róbótó, ṣẹ́ẹ̀tì pupa.
Ó fi í sílẹ̀.
Ọmọkùnrin náà kan ilẹ̀, ó la ilẹ̀ kọjá bí ẹni la kùrukùru,
ó ń lọ,
ó ń lọ,
ó jáde nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, ó ṣì ń lọ.

N kò mọ ìgbà tí mo dé ẹ̀yìn àga rẹ̀.
"Ilẹ̀ ńkọ́? Ṣebí ilẹ̀ rèé, ó tiẹ̀ hu koríko?"
Kò wẹ̀yìn. Ó ní, "Mi ò tíì sọ fún un pé ilẹ̀ ni."

Háà.
Mo ti tẹ ilẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, mo ti tẹ̀ ẹ́ dé ibojì bàbá mi,
n kò ronú kàn án rí pé ẹnì kan ní láti wí fún un pé
ìwọ ilẹ̀, gbà wọ́n dúró.
Ẹni tó fẹ́ wí i báyìí, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni,
ó ń jẹ èékánná.

Mo fa àga. Ó ń kọ, ó ń pa á rẹ́. Ọmọkùnrin tún bọ́.
Àmì kan ló ṣìnà, kò tó ẹyin iná orí,
Iria ní òun ló wó gbogbo rẹ̀.
Èyí yé mi ju bí wọ́n ṣe rò lọ:
mo ti rí ọ̀pá irin tó fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà ṣàṣejù,
tí ẹ́ńjìnnì odidi ọkọ̀ kọ̀ ọ́ bí aláìsàn ṣe ń kọ oúnjẹ.
Mo yọ òṣùwọ̀n mi nínú àpò. Mo dá a padà.
Kí ni màá fi wọ̀n níbẹ̀?

Aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọmọkùnrin dúró.
Kíláàsì hó yèè. Èmi nìkan ni mo dákẹ́.
"Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀," ni mo wí.
"Ó ku bí ìnípọn bébà."
Wọ́n ní kò sóhun tó burú níbẹ̀, ta ló máa rí i?
Antía tẹ̀ mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, ó dijú kan.
Ó yí nọ́ńbà kan padà. Ó yíjú sí mi.
"Báyìí ńkọ́, Tíṣà?"

Nígbà tí agogo lù, òjò kò tíì dá.
Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, epo dúdú ṣì wà ní èékánná mi,
mo kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ kan
tẹ àgbàlá ilé-ẹ̀kọ́ wò.